Ọ̀rọ̀ Ìwọlé Tí Dùnníolúwa Fi Èédú Kọ Sára Pákó

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí oúnjẹ bá wà níwájú yín, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Mi ò ṣàwàdà. Ẹni tó ni ìtàn yìí ní kí n má fi nǹkan kan bò, kí n má sì fi orúkọ mìíràn rọ́pò tòun, nítorí bí òun bá fi orúkọ pamọ́, òun tún ti purọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i nìyẹn. Dùnníolúwa lorúkọ rẹ̀. Ayétòrò etí òkun ni wọ́n bí i sí, ẹja yíyan ló ń tà. Ohun tó ṣe fún ọmọbìnrin kan tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ń rí òun fúnra rẹ̀ lára títí di òní.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìlú náà mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ níbẹ̀. Bàbá Dùnníolúwa dàgbà nígbà tí gbogbo ìlú jọ ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí kò sẹ́ni tó ń sọ pé "tèmi rèé, tìrẹ nìyẹn." Bàbá yìí kì í ti ilẹ̀kùn. Títí òkun fi wó ilé rẹ̀ lọ, àgádágodo kan ò wọ ibẹ̀ rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ilé tí wọ́n bá ti ń ti àpótí mọ́ ara wọn, olè ti wà níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí. Dùnníolúwa gbé e wọnú òwò.

Òwò náà dára o. Ọ̀bọ̀kún àti edé ló ń yan, nínú ilé pákó gbọọrọ kan tó dúró lórí òpó létí omi. Ẹja rẹ̀ mọ́. Ẹja tó bá ti sùn láìsí yìnyín, kò ní gbé e dé orí iná, á ní kí wọ́n gbé e padà fún ẹni tó gbé e wá. Nígbà tí òkun gbé ìsọ̀ rẹ̀ kẹta lọ, tí àwọn oníbàárà òkè ò mọ ibi tí wọ́n á ti bá a mọ́, ó sọ fún ọkùnrin kan ní Igbókòdá, Godspower, pé kó bá òun ṣí ìkànnì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ní ìsọ̀ tí òkun ò lè gbé lòun fẹ́.

Godspower ṣe é, ó sì jókòó tì í láti ṣàlàyé.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ̀yin ni ọ̀gá ibẹ̀. Ímeèlì yín àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tẹ́ ẹ ó máa fi ṣí i, tiyín nìkan ni. Ẹni tó bá ń gbé fọ́tò ẹja síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀. Fọ́tò ló máa lè gbé, kò ní lè fọwọ́ kan nǹkan míì. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ kó ẹja lọ fún oníbàárà, ẹ jẹ́ ká fún un ní tirẹ̀. Ọ́dà tí oníbàárà bá ṣe nìkan ni yóò máa rí. Ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá ṣe, ibẹ̀ á kọ orúkọ onítọ̀hún sílẹ̀ fún yín."

"Kọ́kọ́rọ́ mélòó wá nìyẹn?"

"Ti oníkálukú, mà."

Dùnníolúwa rẹ́rìn-ín. "Godspower, ṣé olè ni wá ni?"

Lọ́jọ́ yẹn gan-an ló mú èédú lẹ́nu ààrò, tó kọ ímeèlì rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé rẹ̀ gàdàgbà sára pákó, lókè ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja, kí ẹni tó bá gbàgbé lè gbójú sókè kó kà á. Ẹni tó bá wá ra ẹja lè kà á. Ẹni tó bá wá tọrọ iná lè kà á. Inú rẹ̀ sì dùn, ó rò pé bàbá òun lòun ń jọ.

Èèyàn méjì ló ń bá a lò ó. Èkíní ni Khalidat, ọmọ Mùínátù tó ń ta iyọ̀ àti kẹrosíìnì ní Zion Pepe. Ọmọ náà ò ju ẹni ọdún mẹ́tàlélógún lọ. Àràárọ̀ ló ń gba ojú omi wá. Bí wọ́n bá ti sọ ẹja kalẹ̀, á yà á ní fọ́tò, á kọ bó ṣe tóbi tó, á gbé e sórí ìkànnì, lẹ́yìn náà á ká etí hìjáàbù rẹ̀ sẹ́yìn, á jókòó ti àwọn obìnrin yòókù láti fọ ẹja.

Èkejì ni Pọ́ọ̀lù, àbúrò Dùnníolúwa, ọmọ ìyá rẹ̀. Òun ló ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì kó páálí ẹja lọ sí Igbókòdá. Ó máa ń sọ pé òun ò mọ̀ ju ká fi fóònù pe èèyàn lọ, pé bí òun bá fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń gbé ẹja lọ fún, ṣe lòun máa ń ní kí Khalidat kà á fún òun.

Lọ́jọ́ kan, Khalidat kúnlẹ̀ bá Dùnníolúwa.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí Godspower ṣe tèmi fún mi. Mo fẹ́ kí ohun tí mo bá ṣe níbẹ̀ máa jẹ́ orúkọ mi."

"Khalidat, o fẹ́ pín ilé níyẹn? Orúkọ tèmi ò tó ọ lò?"

"Ó tó, mà. Nítorí ọjọ́ mìíràn ni."

"Ọjọ́ mìíràn wo? Dìde, lọ fọ ẹja."

Dùnníolúwa sọ fún mi pé ohun tó wà lọ́kàn òun nígbà yẹn ò ju èyí lọ: ọmọ yìí kì í ṣe ara wa, ìdí nìyẹn tó fi ń ronú tèmi-tìrẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ibẹ̀ ni nǹkan ti bàjẹ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni ọkùnrin tó ń jẹ́ Ọlọ́rundáre sọ̀ kalẹ̀ lébùúté. Ó nílé oúnjẹ ní Àkúrẹ́, ó ti ń rà lọ́wọ́ Dùnníolúwa tó ọdún kan. Páálí kan ló gbé léjìká, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá a sọ̀ ọ́. Ó rìn lórí afárá pákó títí dé ẹnu ọ̀nà, ó gbé e kalẹ̀ níwájú obìnrin náà.

"Mádàámù, ẹ wá fọwọ́ ara yín ṣí i."

Dùnníolúwa ṣí i. Òórùn tó ta jáde kò ṣe é fẹnu sọ, àwọn obìnrin tó ń fọ ẹja dìde. Ẹja náà dúdú lẹ́yìn, wọ́n ti wọ́n ata gígún bò ó pátápátá kó má bàa rùn. Nígbà tó fọwọ́ kan ọ̀kan láti gbé e wò, inú rẹ̀ ya sí i lọ́wọ́. Ó rọ̀, ó ń yọ̀, ìdin sì wà níbẹ̀ tó ń rìn. Ẹja tó ti jẹrà ni wọ́n gbé sórí iná, iná ò dé inú rẹ̀.

"Orúkọ yín ló wà lára páálí yẹn. Lórí ìkànnì yín ni mo ti rà á. Ìyá mi ló kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, ọjọ́ kẹta rèé nílé ìwòsàn. Mo ní kí n wá bi yín bóyá ẹ̀yin náà jẹ nínú tiyín."

Dùnníolúwa sáré lọ sí etí pákó, ó bì sómi. Orúkọ yẹn nìkan ló ní. Òkun ti gbé ilé, ó ti gbé ìsọ̀, orúkọ pé ẹja Dùnní mọ́ ló kù.

Ó ṣí ìkànnì lórí fóònù. Láàárín àwọn ẹja rẹ̀, ó rí ọ̀bọ̀kún kan tí kò gbé síbẹ̀ rí. Wọ́n fi fọ́tò ẹja rere tirẹ̀ àtijọ́ sí i, wọ́n kọ ọ́ pé ẹ̀dínwó ni, wọ́n wá kọ nọ́ńbà fóònù mìíràn sábẹ́ rẹ̀. Ó pe nọ́ńbà náà, wọ́n ti pa á. Ó pe Godspower.

"Ta ló gbé ẹja yìí síbẹ̀?"

Godspower yẹ̀ ẹ́ wò. "Àǹtí, ó kọ ọ́ síbí pé ẹ̀yin ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Orúkọ yín ló wà níbẹ̀, mà. Gbogbo ẹni tó bá ti fi orúkọ yín wọlé, ẹ̀yin ni. Mo sọ fún yín nígbà náà."

Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Obìnrin yìí ti kó gbogbo ìka pọ̀ sínú ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo, ó wá ń wá èyí tó ṣẹ̀.

Pọ́ọ̀lù súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló ń gbé fọ́tò síbẹ̀ láràárọ̀? Ṣé èmi tí mi ò mọ fóònù lò ni? Ọmọ ìyá ẹni ò ní ba tẹni jẹ́. Àlejò ni kẹ́ ẹ bi."

Dùnníolúwa ò ronú. Ó ní bí òun bá ti ronú ìṣẹ́jú méjì péré, òun ì bá rántí pé ọmọ tí wọ́n pè lálejò yìí lẹni tó ń dá ẹja tí kò dára padà kóun tó rí i. Ó kọjú sí Khalidat.

"Gbé fóònù rẹ wá."

Ọmọ náà gbé e fún un. Wọ́n wò ó títí, wọn ò rí nǹkan. Pọ́ọ̀lù ní ó ti pa á rẹ́. Wọ́n da báàgì rẹ̀ sílẹ̀ lórí pákó. Ẹní ìkírun kékeré, òòyà kan, ẹ̀pà yíyan nínú ọ̀rá. Pọ́ọ̀lù ní síìmù nọ́ńbà yẹn ò tóbi ju èékánná lọ, ibi tí obìnrin bá lè fi pamọ́ sí náà ni kí wọ́n wò. Ó ní, "Ẹ wo abẹ́ ìborí rẹ̀."

Khalidat ò wo Pọ́ọ̀lù. Dùnníolúwa ló ń wò.

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣí mi lórí láàárín ọkùnrin. Ẹ jọ̀ọ́, mà."

Ọlọ́rundáre sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀. Àwọn atukọ̀ méjì tó wà lébùúté ti dúró, wọ́n ń wò. Dùnníolúwa na ọwọ́, ó fa hìjáàbù náà bọ́ lórí ọmọ ọlọ́mọ. Ọwọ́ tó fi tú ẹja jíjẹrà ni o, kò tíì fọ̀ ọ́.

Kò sí síìmù níbẹ̀. Irun dídì ló wà níbẹ̀.

"Ẹ tún un wò dáadáa," Pọ́ọ̀lù wí.

Khalidat gba hìjáàbù rẹ̀ padà. Nígbà tó fẹ́ wé e, òórùn ọwọ́ Dùnníolúwa tó wà lára rẹ̀ kọlù ú nímú. Kò wé e mọ́, ó sọ ọ́ sómi, ó tú ìborùn tó so mọ́dìí, ó fi bo orí. Kò sunkún.

"Mo ní kẹ́ ẹ fún mi ní orúkọ mi. Ká ní ẹ fún mi ni, ẹ̀ bá ti mọ̀ lónìí pé kì í ṣe èmi."

Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó wa ara rẹ̀ lọ sí Zion Pepe.

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin òǹkàwé. Ìwà ọ̀bùn pọ̀ láyé, kì í ṣe ara ẹja nìkan ni ìdin ń wà.

Lọ́jọ́bọ̀, Godspower wá. Ó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé padà, ó ní kí Dùnníolúwa fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ tuntun láìsọ ọ́ síta. Ó wá ṣe ti Pọ́ọ̀lù lọ́tọ̀, ọ́dà nìkan ni yóò máa rí níbẹ̀, ó sì fi ìpè tí yóò fi wọlé ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bu omi àti ọṣẹ, ó fọ èédú ara pákó náà kúrò.

"Èyí tó wà níbí ti kú, Àǹtí. Ẹni tó bá ń lò ó tẹ́lẹ̀, á wá bi yín."

Àṣé òótọ́ ló sọ.

Ọjọ́ Àìkú kọjá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Pọ́ọ̀lù já wọlé níbi tí àwọn obìnrin ti ń fọ ẹja, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sára pákó níbi tí èédú wà tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló ṣe ìkànnì yìí? Látàárọ̀ ni mo ti ń tẹ̀ ẹ́, kò gbà kí n gbé ẹja sí i."

Gbogbo ọwọ́ tó ń fọ ẹja dúró.

"Ẹja wo, Pọ́ọ̀lù?"

"Ẹja... ẹja wa náà ni."

"Nígbà wo lo mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ẹja síbẹ̀?"

Ìbínú ló mú Pọ́ọ̀lù gbàgbé pé òun ò mọ fóònù lò. Ó ti ṣèlérí páálí méjì fún oníbàárà kan, ara rẹ̀ ò gbà á mọ́.

Dùnníolúwa ò bi í ní ìbéèrè kẹta. Ó dìde, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó ká tapólì tó fi bo ẹrù. Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Eṣinṣin gbéra, òórùn ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn náà ló tún bá a níbẹ̀. Agolo ata gígún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, páálí òfìfo tí wọ́n kọ orúkọ Dùnníolúwa sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

"Àwọn apẹja kan fẹ́ dà á nù ni," Pọ́ọ̀lù wí lẹ́yìn rẹ̀. "Mo ní dípò ká dà á nù, iná á pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Kí ló wá burú níbẹ̀? Ṣé ìkànnì yẹn kì í ṣe tiwa ni? Bàbá ò sọ fún wa pé ohun gbogbo, ti gbogbo wa ni?"

Ẹ gbọ́ ẹnu o. Ó kó ìdin lé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ lórí.

Dùnníolúwa ní kì í ṣe apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta yẹn ló rí òun lára jù. Ohun tó rí òun lára ni ohùn ọmọ ìyá òun, bó ṣe dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun tó ń sọ pé kí òun tún un wò dáadáa, tó sì mọ̀ pé inú àpò ṣòkòtò ara rẹ̀ ni síìmù yẹn wà. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ṣí ọmọ náà lórí, kì í ṣe ọwọ́ Pọ́ọ̀lù. Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn títí awọ fi bó, ó ní òun ṣì ń gbọ́ òórùn náà.

Ó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ Pọ́ọ̀lù, ó sì fa Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ lé àwọn àgbà ìjọ lọ́wọ́. Ó lọ sí Àkúrẹ́, ó bẹ Ọlọ́rundáre àti ìyá rẹ̀, Ọlọ́run sì bá a ṣe é, ara ìyá ti yá. Gbogbo ìyẹn ṣeé ṣe. Èyí tí kò ṣeé ṣe ló gbé e lọ sí Zion Pepe.

Mùínátù gbà á lálejò. Ó fún un ní àga, ó fún un lómi. Dùnníolúwa kúnlẹ̀, kò jókòó.

"Ẹ dìde," Mùínátù wí. "Èmi kọ́ lẹ ṣẹ̀. Ọmọ lẹ ṣẹ̀."

Khalidat jáde wá. Hìjáàbù tuntun ló wé. Dùnníolúwa rojọ́ títí, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo, ó sunkún. Ọmọ náà gbọ́ ọ tán.

"Àǹtí, mo ti dárí jì yín, ọjọ́ tí mo gbọ́ pé Pọ́ọ̀lù ni ni mo ti dárí jì yín."

"Wá padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ nígbà náà. Jọ̀wọ́."

Òkèlè pùpurù àti ọbẹ̀ wà lórí tábìlì, Mùínátù ti bù ú sínú àwo mẹ́ta. Khalidat wo oúnjẹ náà, ó wo ọwọ́ Dùnníolúwa, ó gbé àwo tirẹ̀, ó lọ jẹ ẹ́ níta lórí pákó. Ní ẹnu ọ̀nà ló ti yíjú padà.

"Orúkọ mi tí mo tọrọ lọ́wọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́. Ọjọ́ tó bá wù mí, màá wọlé fúnra mi."

Dùnníolúwa, tí ìlú rẹ̀ jọ ń jẹun láti ayé bàbá rẹ̀, kò lè gbé òkèlè kan mì nílé náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní òwò, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹbí ni wá, ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà ló tó wa, ẹ kọ́gbọ́n. Ẹ fún oníkálukú ní tirẹ̀, kó mọ níwọ̀n ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ. Kì í ṣe nítorí olè nìkan. Nítorí ẹni tí kò jalè ni, kó lè rí nǹkan tọ́ka sí lọ́jọ́ tí ẹ bá ya wèrè sí i. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn, àbámọ̀ ọ̀hún kì í sì í fọṣọ.

Dùnníolúwa fi ìpè sórí ìkànnì, tó jẹ́ orúkọ Khalidat, ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ tó padà délé. Godspower ti sọ fún un pé bí ọjọ́ méje bá kọjá tí ẹni tí wọ́n pè kò dáhùn, ìpè náà á kú, wọ́n á tún un pè. Nítorí náà, gbogbo ọjọ́ Ajé, tó bá ti gbàdúrà tán, kí wọ́n tó dáná sí ààrò, á tún un pè. Oṣù mẹ́jọ rèé.

Lọ́jọ́ tí mo lọ gba ìtàn yìí lẹ́nu rẹ̀, ọjọ́ Ajé ni. Ó nu ọwọ́ méjèèjì sára aṣọ, ó gbóòórùn wọn, ó wá tẹ fóònù. Ó na fóònù náà sí mi kí n wò ó. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè, ti obìnrin tuntun tó ń bá a di páálí báyìí tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ ni ti Khalidat wà, wọ́n sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: a ti pè é, kò tíì wọlé.